Jẹjẹrẹ Ni Àbí Àrùn Kòkòrò? Bí A Ṣe Ń Wo Fọ́tò Ẹ̀dọ̀fóró

Ẹ kọ́kọ́ wá fọ́tò àtijọ́. X-ray àyà tí aláìsàn yà nígbà tó ń wáṣẹ́ lè wúlò ju scan olówó gọbọi lọ: kókó líle nínú ẹ̀dọ̀fóró tí kò yí padà fún ọdún 2 kì í sábà jẹ́ jẹjẹrẹ.

Lẹ́yìn náà, ẹ ka ọjọ́. Kókó tó di ìlọ́po méjì kí ọjọ́ 30 tó pé, àrùn kòkòrò ló sábà máa ń jẹ́. Ti jẹjẹrẹ sábà máa ń gba ọjọ́ 100 sí 400. Ẹ ṣọ́ra o, roboto ni kókó: bí ìbú rẹ̀ bá kúrò ní mìlímítà 10 tó dé 12.6 péré, gbogbo ara rẹ̀ ti di ìlọ́po méjì nìyẹn. Ojú kò lè rí èyí lórí X-ray. CT, ìyẹn scan tó ń ya inú ara ní ìpele-ìpele, ni, kí ìpele fọ́tò kọ̀ọ̀kan sì nípọn tó mìlímítà 1 sí 1.5.

Etí kókó tó ta ṣóńṣó yíká bí ẹ̀gún ń tọ́ka sí jẹjẹrẹ. Kókó wẹ́wẹ́ tó tò bí ẹ̀ka igi tó ń rú ọ̀mùnú, kòkòrò ló sábà wà nínú ọ̀nà èémí. Bí ihò bá wà nínú kókó, ẹ wọn ògiri ihò náà: bí kò bá ju mìlímítà 4 lọ, ọkàn lè balẹ̀ díẹ̀, bó bá ju 15 lọ, ẹ fura gidigidi.

Orí ẹ̀dọ̀fóró ni àṣìṣe pọ̀ sí jù, torí pé ikọ́ ẹ̀gbẹ fẹ́ràn ibẹ̀, jẹjẹrẹ náà sì fẹ́ràn ibẹ̀. Kí a kọ oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ oṣù 6 fún èèyàn láìyẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ wò ní GeneXpert, ẹ̀rọ tó ń wá kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ, kò dáa rárá. PET pàápàá, ìyẹn scan tó ń mú kí jẹjẹrẹ tàn yòò, kò lè fi ìyàtọ̀ hàn, nítorí ikọ́ ẹ̀gbẹ ń tàn yòò lórí rẹ̀ bíi jẹjẹrẹ.

Bó bá jọ òtútù àyà, ẹ gba kẹ̀lẹ̀bẹ̀ aláìsàn kí ẹ tó fún un ní levofloxacin, oògùn apakòkòrò kan, torí oògùn yẹn lè fi ikọ́ ẹ̀gbẹ pamọ́. Bí aláìsàn bá ti lé ní 50 ọdún tàbí tó ń mu sìgá, ẹ tún X-ray yà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 6. Ọ̀sẹ̀ 2 ti yá jù: ara lè ti yá kí òjìji tó kúrò lórí fọ́tò. Bí òjìji bá ṣì wà lójú kan náà, ẹ ya CT, kí ẹ wò ó bóyá kókó kan ló dí ọ̀nà èémí.

Bí ọ̀rọ̀ bá di ti abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń gé ẹran kókó náà, ẹ ní kí wọ́n pín in sí méjì: apá kan sínú formalin (omi tí kì í jẹ́ kí ẹran jẹrà) fún àyẹ̀wò jẹjẹrẹ, ìkejì sínú omi iyọ̀ fún ikọ́ ẹ̀gbẹ. Formalin ń pa kòkòrò. Bí gbogbo rẹ̀ bá wọ inú rẹ̀, kò sí kòkòrò ààyè tí yàrá àyẹ̀wò lè gbìn kó hù mọ́.