Fífọ Ara Ọkọ̀ àti Abẹ́ Rẹ̀: Ìtọ́sọ́nà fún Àgbẹ̀ àti Ìdílé

Ẹ́ńjìnnì tí ó bá bàjẹ́ ṣeé tún ṣe, a tilẹ̀ lè fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí ìpẹtà bá ti jẹ irin abẹ́ rẹ̀ dé ibi tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ tàbí ìgbànú ìjókòó ti so mọ́ ọn ti di ewu fún gbogbo ẹni tí ó wà nínú rẹ̀. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ń fọ òkè ọkọ̀ títí yóò fi máa dán, tí a kì í sì í da omi sí abẹ́ rẹ̀ láti ọdún dé ọdún. Ìwé yìí ń bẹ̀ yín pé kí ẹ yí ètò náà padà: abẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ tọ́jú, kí ẹ tó wá sí òkè.

Irin kì í dípẹtà bí kò bá ṣe pé omi àti afẹ́fẹ́ kàn án, ọ̀dà sì ni ó ń dí àwọn méjèèjì lọ́nà. Iyọ̀ máa ń mú kí iṣẹ́ ìpẹtà yá kánkán, ìbáà ṣe iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ etí òkun tàbí èyí tí wọ́n ń fọ́n sójú títì ní ilẹ̀ tí yìnyín ti ń bọ́. Ajílẹ̀ oníkẹ́míkà kò yàtọ̀, nítorí pé irú iyọ̀ kan ni púpọ̀ nínú wọn jẹ́. Ìgbẹ́ àti ìtọ̀ ẹran ọ̀sìn náà sì máa ń jẹ irin. Nítorí náà, ọkọ̀ tí ó bá kó ajílẹ̀ tàbí ẹran lónìí, lónìí gan-an ni kí ẹ fi omi ṣan ẹ̀yìn àti abẹ́ rẹ̀. Ní ti ẹrẹ̀, bí aṣọ tútù tí a wé mọ́ irin ló ṣe máa ń di omi mú fún ọ̀pọ̀ ọjọ́ lẹ́yìn tí òjò ti dá.

Abẹ́ ọkọ̀

Ẹ gbé ọkọ̀ sí ilẹ̀ tí ó tẹ́jú tí ó sì le, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kí ẹ sì dúró kí sàlẹ́ńsà tutù. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ abẹ́ ọkọ̀ tí jáàkì nìkan gbé dúró, nítorí pé jáàkì lè yẹ̀ tàbí kí ó sọ̀ kalẹ̀ lójijì. Fún fífọ̀ lásán, kò sí ìdí láti wọ ibẹ̀ rárá: rọ́bà omi tí a na ẹnu rẹ̀ sí abẹ́ láti ìhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti tó. Ẹ kọ́kọ́ fi omi rin ẹrẹ̀ náà, ẹ fún un ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 10 kí ó rọ̀, lẹ́yìn náà ni kí ẹ ṣan án lọ.

Ibi tí ó yẹ kí ẹ pẹ́ sí jù ni inú àyè tí táyà ń yí sí, pàápàá ètè irin tí ó ṣẹ́ wọnú ní etí rẹ̀, nítorí pé orí ètè yìí ni ẹrẹ̀ máa ń jókòó sí tí ojú kì í fi í rí i. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, kí ẹ sì fi ìka tọ́ ọ yípo. Ní ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan, àti ní abẹ́ irin gígùn tí ó wà nísàlẹ̀ àwọn ilẹ̀kùn, àwọn tí ó ṣe ọkọ̀ dá ihò kéékèèké sí kí omi òjò tí ó gba ẹ̀gbẹ́ gíláàsì wọlé lè ṣàn jáde. Bí ewé àti ẹrẹ̀ bá dí wọn, omi yóò dúró sínú, ìpẹtà yóò sì bẹ̀rẹ̀ láti inú wá síta. Ìgbà tí ọ̀dà bá fi máa wú lóde, irin náà lè ti lu. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ tàbí ike ni kí ẹ fi tú àwọn ihò náà, kì í ṣe ìṣó, nítorí pé ìṣó yóò họ ọ̀dà ẹnu wọn. Bí ẹ bá gbọ́ tí omi ń mì nínú ilẹ̀kùn nígbà tí ẹ ń ṣí i, ihò ti dí nìyẹn.

Ẹni tí ó bá ń lo ẹ̀rọ tí ń fi agbára tu omi jáde gbọ́dọ̀ fi nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 30 jìnnà sí ara ọkọ̀. Kí ó má ṣe dojú rẹ̀ kọ ẹ̀gbẹ́ táyà, rédíétọ̀, rọ́bà ìdènà òróró tàbí ibi tí wáyà ti so pọ̀. Àwọn wáyà olómi ọsàn tí ó wà lábẹ́ ọkọ̀ oníná ń gbé iná tí ó lè pa ènìyàn; ẹ má ṣe tu omi líle sí wọn rárá.

Òkè ọkọ̀

Abẹ́ ibòji ni kí ẹ ti fọ̀ ọ́, nígbà tí irin rẹ̀ ti tutù, nítorí pé oòrùn máa ń mú kí ọṣẹ gbẹ mọ́ ọ̀dà. Ẹ kọ́kọ́ fi omi lásán ṣan iyanrìn kúrò, nítorí iyanrìn inú kànìnkànìn ni ó ń fa ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìlà wẹ́wẹ́ tí a ń rí lára ọkọ̀ tí oòrùn bá ràn sí i. Korobá méjì ni ó yẹ kí ẹ lò, ọ̀kan fún ọṣẹ, èkejì fún ṣíṣan kànìnkànìn kí ó tó padà sínú ọṣẹ. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí wá sísàlẹ̀, kí kànìnkànìn táyà sì dá wà. Ọṣẹ tí a ṣe fún ọkọ̀ ni ó dára jù, nítorí pé ọṣẹ ìfọbọ́ máa ń bó ìda tí a fi pa ọ̀dà. Ìgbẹ́ ẹyẹ máa ń jẹ ọ̀dà gan-an, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi agbára ha á: ẹ fi aṣọ tútù bò ó títí yóò fi rọ̀.

Ẹ fi aṣọ rírọ̀ nù ún gbẹ, ẹ ṣí àwọn ilẹ̀kùn kí etí wọn gbẹ, kí ẹ sì wa ọkọ̀ náà díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa tẹ bíréèkì títí omi yóò fi kúrò lára rẹ̀. Ẹ má ṣe tì í mọ́ inú yàrá tí afẹ́fẹ́ kò ti ń wọlé nígbà tí ó ṣì tutù.

Ibi tí òkúta bá ti ha ọ̀dà, ẹ fi sáńpépà gbo ó títí irin yóò fi funfun, ẹ nù ún kí ó mọ́, ẹ fi ọ̀dà ìpìlẹ̀ kùn ún, kí ẹ tó kun ọ̀dà gidi. Ní ti abẹ́, àwa fara mọ́ òróró tàbí ìda tí a ṣe fún un ju ọ̀dà dúdú tí ó nípọn bíi rọ́bà lọ, nítorí pé èyí tí ó nípọn, bí a bá kùn ún lé orí ìpẹtà, yóò sé omi mọ́ irin nígbà tí ó bá là. Irú èyí tí ẹ bá lò, kò gbọdọ̀ kan bíréèkì tàbí sàlẹ́ńsà.

Omi ìdọ̀tí ọkọ̀ ní òróró àti ọṣẹ nínú, nítorí náà ẹ má ṣe jẹ́ kí ó ṣàn lọ sí odò, kànga tàbí ibi tí ẹran ti ń mumi.