Bí A Ṣe Ń Ṣètò Ìbọn Ọdẹ Tó Ń Ṣọ́ Ilé Iṣẹ́ ní Òṣogbo

Ẹni tó bá gba ọdẹ láti máa ṣọ́ ilé iṣẹ́ rẹ̀ lóru ní Òṣogbo gbọ́dọ̀ kọ òfin ìbọn sílẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ìwé àṣẹ ni kí ẹ kọ́kọ́ béèrè, nítorí pé Òfin Ìbọn ọdún 1959 kò gbà kí ẹnikẹ́ni ní ìbọn láìgba ìwé àṣẹ, ìbáà ṣe ṣakabùlà tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un. Bó bá jẹ́ iléeṣẹ́ aládàáni tó ń pèsè olùṣọ́ ló rán an wá, òfin ọdún 1986 tó wà fún irú iléeṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò tilẹ̀ fàyè gba ìbọn lọ́wọ́ rẹ̀ rárá.

Ibi ìpamọ́ ló gba àròjinlẹ̀ jù. Ẹ wá àpótí irin tí wọ́n dè mọ́ ògiri, kí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo. Inú rẹ̀ ni ìbọn tí wọn kò ki yóò wà, nígbà tí ẹ̀tù àti ọta yóò wà níbòmíràn tó jìnnà sí iná. Abẹ́ bẹ́ǹṣì, tí ọ̀pọ̀ ọdẹ fẹ́ràn, kì í ṣe ibi ìpamọ́. Kí ọdẹ àti ọ̀gá máa fọwọ́ sí ìwé nígbàkígbà tí ìbọn bá wọlé tàbí tó bá jáde.