Bí o ṣe máa wọ tẹ́ḿpìlì ní Íńdíà láìfojú fo ẹni tí wọ́n lé síta

Ọdún kọkànlá mi rèé ní Pune, ìlú ńlá kan ní ìpínlẹ̀ Maharashtra, lórílẹ̀-èdè Íńdíà. Ẹ̀kọ́ ni mo bá débẹ̀, iṣẹ́ olùkọ́ ló dá mi dúró. Bí àsìkò ìwọlé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá ti tó, fóònù mi kì í sinmi. Àbúrò kan á pè láti Òṣogbo tàbí Ìlọrin: "Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́ pé òrìṣà wọn dúdú bíi tiwa. Ṣé wọ́n á jẹ́ kí n wọlé? Ṣé wọ́n á kà mí sí èèyàn?" Ìbéèrè méjì nìyẹn, ìdáhùn wọn ò sì jọra. Ohun tí mo máa ń sọ fún wọn ni mo kọ síbí.

Kọ́kọ́ mọ ohun tí ojú rẹ máa rí nípa àwọ̀, kó má baà tàn ọ́. Krishna, òrìṣà wọn tí o ń gbọ́ orúkọ rẹ̀, "dúdú" ni ìtumọ̀ orúkọ náà. Kali, òrìṣà obìnrin, dúdú. Jagannath ti ìlú Puri, ojú dúdú ló ní. Vitthal tí àwọn ará Maharashtra fẹ́ràn bí ẹyin ojú, òkúta dúdú ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí bàbá arúgbó kan tó dojú bolẹ̀ níwájú ère tó dúdú bí apá mi, omi bọ́ lójú mi. Mo jáde sí òpópónà, ọmọ kékeré kan nàka sí mi, ó ń pariwo "Kalu! Kalu!" Dúdú náà ni ìyẹn túmọ̀ sí, àmọ́ èébú ni. Ìyá rẹ̀ ò bá a wí. Nínú ṣọ́ọ̀bù tó kọjú sí tẹ́ḿpìlì ọ̀hún gan-an, ìpara tó ń sọ awọ di pupa ló kún orí pẹpẹ. Fair & Lovely ti wà lọ́jà wọn láti ọdún 1975. Ní 2020 wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà sí Glow & Lovely, ìpara náà ò sì kúrò lórí igbá. Nínú ìwé ìròyìn ọjọ́ Sunday, òbí tó ń wá ìyàwó fún ọmọ rẹ̀ á kọ ọ́ síbẹ̀ gbangba pé apọ́nbéporé lòun ń wá.

Nítorí náà, má fi awọ ère díwọ̀n ojú tí wọ́n á fi wo awọ tìrẹ. Bí wọ́n bá pè ọ́ ní kalu, máa bá tìrẹ lọ, pàápàá tí o bá dá wà. Lóṣù kẹta ọdún 2017, ní Greater Noida nítòsí Delhi, ọ̀dọ́mọkùnrin kan kú, wọ́n di ẹ̀sùn rẹ̀ lé àwọn ọmọ Nàìjíríà tó ń gbé àdúgbò náà lórí, èrò sì lu àwọn aláwọ̀ dúdú tí ọwọ́ wọn bà. Nọ́ńbà ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa àti ti ọ́fíìsì aṣojú ìjọba gbọ́dọ̀ wà lórí fóònù rẹ kí o tó tú àpótí.

Ṣùgbọ́n ìdí ọ̀rọ̀ kọ́ lèyí. Bí o bá fẹ́ mọ ìdí rẹ̀, wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Nashik. Tẹ́ḿpìlì kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Kalaram, ìyẹn òrìṣà Rama Dúdú. Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹta ọdún 1930, Bhimrao Ambedkar, agbẹjọ́rò tí wọ́n bí sínú ìran tí wọ́n ń lé síta, àti ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn lọ bẹ̀rẹ̀ ìwọ́de níbẹ̀, wọ́n ní kí wọ́n jẹ́ káwọn wọlé lọ bọ òrìṣà. Wọ́n tilẹ̀kùn mọ́ wọn. Ọdún ń gorí ọdún, ilẹ̀kùn ò ṣí. Rama Dúdú wà nínú ilé, àwọn tó ń ké pè é wà níta. Àwọ̀ kọ́ ni wọ́n torí rẹ̀ lé wọn, ìbí ni. Bí o bá débẹ̀, dúró síta fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí o tó bọ́ bàtà.

Ọ̀rọ̀ méjì ló yẹ kí o mọ̀. Èkíní ni varna, ìpín mẹ́rin tí wọ́n pín èèyàn sí. Nínú èdè Sanskrit ó lè túmọ̀ sí àwọ̀, ibẹ̀ lọ̀pọ̀ wa ti ń ṣìnà. Orin àtijọ́ kan nínú ìwé mímọ́ wọn, Rigveda, sọ pé ara Ẹni Àkọ́kọ́ ni aráyé ti jáde: ẹnu rẹ̀ di Brahmin, ìyẹn ìran àwòrò, apá rẹ̀ di jagunjagun, itan rẹ̀ di oníṣòwò, ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ìránṣẹ́. Àwọn tí wọ́n wá ń pè ní ẹni-àìfọwọ́kàn ò tilẹ̀ ní ibì kankan lára náà. Àwọn ló ń pe ara wọn ní Dalit lónìí, ẹni tí wọ́n tẹ̀ fọ́. Nínú ìkànìyàn ọdún 2011, iye àwọn tí ìjọba kà sí ìpín yìí jẹ́ mílíọ̀nù 201, ìyẹn 16.6 nínú 100. Ọ̀rọ̀ kejì ni jati, ìran tí wọ́n bí ọ sí gan-an, àìmọye ló wà, òun ló sì ń pinnu ẹni tí o máa fẹ́ àti ẹni tó máa bá ọ jẹun. Mo mọ Brahmin tó dúdú jù mí lọ. Mo mọ Dalit tó pupa bí epo. Ojú lásán ò lè sọ ọ́ fún ọ.

Orúkọ ló ń sọ ọ́. Wàá gbọ́ tí wọ́n ń bi èèyàn léèrè pé, "Orúkọ rẹ ní kíkún ńkọ́?" Orúkọ ìdílé ni wọ́n ń wá. Nílé tiwa, bí àgbà bá bi ọ́ pé "Ọmọ ta ni ọ́?", oríkì tó máa fi kí ọ ló ń wá. Níbẹ̀, ìdáhùn yẹn lè sọ irú kọ́ọ̀bù tí wọ́n máa fún ọ mu tíì. Mi ò sọ èyí láti fi yangàn o. Màmá mi àgbà ò jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ ọkùnrin kan ládùúgbò wa, torí wọ́n ní rírà ni wọ́n ra bàbá-ńlá rẹ̀. Wúyẹ́wúyẹ́ ni wọ́n ń sọ ọ́, ìgbéyàwó náà sì fọ́. Ìgbà tí mo dé Pune ni mo tó mọ orúkọ tó yẹ kí n fún ohun tí wọ́n ṣe sí ọkùnrin yẹn.

Má bi ẹnikẹ́ni ní jati rẹ̀. Má bi í ní orúkọ ìdílé bí kò bá sọ ọ́ fúnra rẹ̀. Bí ẹnì kan bá kí ọ pé "Jai Bhim", tẹríba, kí o dáhùn "Jai Bhim". Bhim ni Ambedkar, ọmọ ìran Mahar, ọ̀kan lára ìran àwọn Dalit, tí wọ́n bí lọ́dún 1891. Lọ́dún 1927, ní ìlú Mahad, ó kó èèyàn lẹ́yìn lọ mu omi nínú adágún tí wọ́n fi ń du irú wọn, omi tí màlúù ń mu láìsí ẹni tó dá a lẹ́kun. Òun ló ṣáájú àwọn tó kọ òfin ìpilẹ̀ Íńdíà, èyí tí ìlà 17 rẹ̀ fòfin de àìfọwọ́kàn. Lọ́jọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 1956, ní Nagpur, ó fi ẹ̀sìn Hindu sílẹ̀ bọ́ sí ti Buddha, ọ̀kẹ́ àìmọye èèyàn sì bá a lọ. Ère rẹ̀ wà níbi gbogbo: kóòtù búlúù, dígí ojú, ìwé lápá, ìka tó nà síwájú. Má jókòó sídìí rẹ̀ ya fọ́tò ẹ̀rín.

Ní ti ìwọlé fúnra rẹ̀, ka pátákó ẹnu ọ̀nà. Jagannath ti Puri, Guruvayur àti Padmanabhaswamy ní ìpínlẹ̀ Kerala, Hindu nìkan ni wọ́n ń gbà wọlé. Wọ́n dá Indira Gandhi, olórí ìjọba Íńdíà, pàápàá dúró ní Puri lọ́dún 1984. Má jiyàn, má sì purọ́ ẹ̀sìn. Ọ̀pọ̀ tẹ́ḿpìlì yòókù ló ṣí sílẹ̀: bọ́ bàtà, bo orúnkún àti èjìká, fi bẹ́líìtì aláwọ sílé, yí ojúbọ ká kó wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ, ọwọ́ ọ̀tún náà ni kí o fi gba ohun tí àwòrò bá fún ọ.

Èyí tó le jù ò sí ní tẹ́ḿpìlì. Inú ilé ló wà. Obìnrin tó ń gbá àtẹ̀gùn ilé tí mo kọ́kọ́ gbé, kọ́ọ̀bù onírin kan wà fún un lẹ́yìn mítà omi. Òun nìkan ló ń lò ó, òun ló ń fọ̀ ọ́, ìyàwó onílé á sì da tíì sí i láti òkè kí ìkòkò má baà kan án. Nígbà tí mo mọ ìdí rẹ̀, inú bí mi, mo sọ ọ́ lójú gbogbo ilé. Wọ́n dákẹ́. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n ní kí obìnrin náà má wá mọ́. Ó tó ọjọ́ mẹ́jọ tí mo fi ń bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n tó pè é padà. Ó wá sọ fún mi, láìbínú, pé kí n kọ́kọ́ bi òun kí n tó gbèjà òun. Nítorí náà, bi ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn kí o tó lanu. Ra kọ́ọ̀bù tí gbogbo rẹ̀ jọra sílé tìrẹ. Pe obìnrin náà ní mavshi, ìyẹn àǹtí, fún un ní àga. Mavshi yẹn kọ̀ láti jókòó fún oṣù mẹ́ta. Lọ́jọ́ tó jókòó, orí àga ìdáná ni, ó sì kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ṣe bhakri, búrẹ́dì pẹlẹbẹ wọn.

Òun ló mú mi mọ ọ̀nà Pandharpur, ìlú tí tẹ́ḿpìlì Vitthal wà. Lọ́dọọdún, láàrin oṣù kẹfà sí ìkeje, èrò ń fẹsẹ̀ rìn láti Alandi àti Dehu gba Pune kọjá lọ sọ́dọ̀ Vitthal, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Bá wọn rìn lọ́jọ́ kan péré. "Mauli", ìyá, ni wọ́n ń pe ara wọn, wọ́n sì ń fọwọ́ kan ẹsẹ̀ ara wọn. Ìyá àgbà kan bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ síwájú mi. Èmi ọmọ Yorùbá, kí àgbà kúnlẹ̀ fún mi! Mo ti wólẹ̀ kó tó débẹ̀, orí wa sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kọlu ara wọn. Síbẹ̀, bí ilẹ̀ bá ṣú, wo ẹni tó ń bá ẹni jẹun.

Ní Pandharpur, má sáré sórí ìlà. Lẹ́nu ọ̀nà ńlá, ojú oórì Chokhamela wà níta. Mahar ni, ẹni ọ̀rúndún kẹrìnlá. Ó kọrin fún Vitthal títí, wọn ò jẹ́ kó wọlé, ògiri tí wọ́n ní kó bá wọn mọ ló wó pa á. Òun ló sọ pé ìrèké lè tẹ̀, omi inú rẹ̀ kì í tẹ̀. Ó di ọdún 1947 kí àwọn ìran rẹ̀ tó wọ inú tẹ́ḿpìlì náà, lẹ́yìn tí Sane Guruji, olùkọ́ àti ajàjàgbara kan, ti gbààwẹ̀ lọ́jọ́ bíi mélòó kan nítorí wọn. Ọdún 2014 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá àwòrò láti inú gbogbo ìran, obìnrin pẹ̀lú.

Ra ewé tulsi lọ́wọ́ àwọn obìnrin tó jókòó sẹ́bàá ọ̀nà. Ẹbí efinrin wa ni, òórùn rẹ̀ á sọ fún ọ. Pín in sí méjì. Fi ìdajì sọ́dọ̀ Chokhamela. Àtẹ̀gùn àkọ́kọ́ tó tẹ̀ lé e, ti Namdev ni, akọrin Vitthal mìíràn, wọn kì í tẹ̀ ẹ́, gbẹ́sẹ̀ kọjá lórí rẹ̀. Mú ìdajì kejì wọlé.