Bí a ṣe ń yan ìjókòó awò tó ṣeé fọkàn tán fún ìbọn M1 Garand

Ẹni tó bá fẹ́ gbé awò ìwojìnnà sórí M1 Garand gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ìdí tí ìbọn yìí kò fi gba awò bí àwọn ìbọn ọdẹ òde òní ṣe ń gbà á. John C. Garand ló ṣe é ní ilé iṣẹ́ ìbọn ìjọba tó wà ní Springfield, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, ilé iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà sì tẹ́wọ́ gbà á ní ọdún 1936. Ìbọn yìí máa ń ki ara rẹ̀ bí a bá ti yin ọta kan tán, àmọ́ òkè ni a ti ń ti kílíìpù, ìyẹn irin kékeré tó di ọta 8 pọ̀, bọ inú rẹ̀, òkè yìí kan náà sì ni òfìfo kílíìpù ń gbà fò jáde lẹ́yìn ọta ìkẹyìn. Bí awò bá jókòó sí àárín gbùngbùn òkè náà, a ti dí ọ̀nà tí ọta ń gbà wọlé, a sì ti dí ọ̀nà tí kílíìpù ń gbà jáde. Ibẹ̀ ni gbogbo wàhálà ìjókòó awò Garand, ìyẹn irin tó ń di awò mọ́ ìbọn, ti ṣẹ̀.

Òfin ìbọn ilẹ̀ Nàìjíríà kò gba aládàáni láyè láti ní ìbọn ogun irú èyí. Nítorí náà, àwọn ará wa tó ń gbé ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n ní i lọ́nà tó bá òfin ìpínlẹ̀ wọn mu, tí wọ́n sì ń lò ó ní pápá ìtafà-ìbọn, ni mo ń bá sọ̀rọ̀.

Àwọn ológun fúnra wọn gbé ọ̀nà méjì jáde nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Fún M1C, ìyẹn irú Garand kan tí wọ́n ṣe láti gba awò, wọ́n lu ihò sí ẹ̀gbẹ́ òsì irin àárín, ìyẹn irin ńlá tó gba ẹnu ọ̀nà ọta sínú, wọ́n sì de ìjókòó Griffin & Howe mọ́ ọn. Fún M1D, irú kejì, wọ́n fi ìpìlẹ̀ irin kan sí ìdí ọ̀pá ìbọn, wọ́n gé igi ìbòrí tó wà níbẹ̀ kúrú, wọ́n sì fi bóòtì ńlá kan tí a ń fi ọwọ́ yí de ìjókòó mọ́ ìpìlẹ̀ náà. Nínú méjèèjì, apá òsì ni awò wà, kí ojú òkè lè ṣí sílẹ̀, wọ́n sì so tìmùtìmù aláwọ mọ́ ìdí ìbọn kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ayinbọn lè bá awò náà dọ́gba.

Ìpinnu àkọ́kọ́ ni bóyá ẹ máa jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lu ihò sí ìbọn yín. Ìdáhùn tèmi ni pé ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n lu ú. Irin àárín Garand tó ti ilé iṣẹ́ Springfield tàbí Winchester jáde nígbà ogun jẹ́ ohun ìtàn. Ihò tí a bá ti lu sí i kò ṣeé dí padà bí ti tẹ́lẹ̀, owó tí àwọn olùkójọ ìbọn máa fi rà á yóò sì já wálẹ̀ gan-an. Ó máa ń dùn mí wọra bí mo bá rí ìbọn tí ọgọ́rin ọdún kò bà jẹ́, tí ẹnìkan wá fi ẹ̀rọ ìlu-irin bà á jẹ́ ní ọ̀sán ọjọ́ kan. Ẹni tó bá fẹ́ràn ti M1D lè ra ọ̀pá tó ní ìpìlẹ̀ náà, kí ó gbé e fún oníṣẹ́ ìbọn láti pààrọ̀ rẹ̀, kí ó sì tọ́jú ọ̀pá àtijọ́ pa mọ́.

Fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, ìjókòó tó ń gbé awò síwájú ẹnu ọ̀nà ọta ló dára jù. A máa yọ igi ìbòrí ẹ̀yìn tó wà lórí ọ̀pá, a ó sì fi ìjókòó onírélì (rélì ni irin gígùn tí a ń de awò mọ́) tó di ọ̀pá náà mú dípò rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ọta kò ní dí, ihò kankan kò sì ní sí. Àmọ́ irú awò kan pàtó ni ìjókòó yìí ń béèrè, èyí tí ojú lè jìnnà sí ní bíi sẹ̀ǹtímítà 23 sí 30. Awò ìbọn ọdẹ tó wọ́pọ̀ fẹ́ kí ojú sún mọ́ ọn tó sẹ̀ǹtímítà 8 sí 10 péré, nítorí náà kò ní wúlò níbẹ̀. Ẹ má ṣe ra ìjókòó kí ẹ tó mọ awò tí ẹ máa lò.

Ibi tó yẹ kí ẹ ti lo àkókò jù ni bí ìjókòó ṣe di ìbọn mú. Bí ibi méjì tí ìjókòó ti di ìbọn bá fi mìlímítà 100 jìnnà síra, tí ọ̀kan nínú wọn sì mì ní mìlímítà 0.025 péré, èyí tí ojú lásán kò lè rí, ọta yóò fi sẹ̀ǹtímítà 2.5 yẹ̀ ní mítà 100. Bí mìmì náà bá jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin, ọta ti fi sẹ̀ǹtímítà 10 kúrò níbi tí ẹ fojú sùn. Nítorí náà, ìjókòó gígùn tó di ìbọn mú ní ibi méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sàn ju kúkúrú tó gbára lé bóòtì kan ṣoṣo. Ẹ dì í mọ́ ìbọn, ẹ gbìyànjú láti fi ọwọ́ mì í. Bí ó bá ti dún tàbí tó sún, ẹ má san owó rẹ̀. Awò olówó ńlá kò lè ṣe àtúnṣe ìjókòó tí kò dúró.

Ẹni tó bá yan ìjókòó ẹ̀gbẹ́ ní ìṣirò kan sí i láti ṣe. Ká ní awò fi sẹ̀ǹtímítà 4 wà lápá òsì ọ̀pá. Bí ẹ bá tò ó kí ọta bá àmì ní mítà 100, ọta yóò fi sẹ̀ǹtímítà 4 lọ sápá òsì ní mítà 200, yóò sì di 8 ní mítà 300. Bí ẹ bá sì tò ó kí ọta máa fi sẹ̀ǹtímítà 4 wà lápá ọ̀tún ní gbogbo ọ̀nà, ìyàtọ̀ náà kò ní pọ̀ sí i. Èyí kejì ni mo fara mọ́ fún ẹni tó ń yìnbọn sí àwọn àmì tí jíjìnnà wọn yàtọ̀ síra.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan bóòtì kankan, ẹ ṣí ìbọn, ẹ fi ojú àti ìka wò ó pé kò sí ọta nínú rẹ̀, ẹ sì ṣọ́ àtàǹpàkò yín, nítorí irin ìtìpa Garand máa ń padà wá pẹ̀lú agbára. Ẹ nu òróró kúrò níbi tí irin ti máa kan irin. Ẹ fi sípánà tó ń ka agbára di bóòtì dé iye tí ẹni tó ṣe ìjókòó náà kọ sílẹ̀, ẹ dì wọ́n díẹ̀díẹ̀ láti orí ọ̀kan sí èkejì, kí ẹ sì fi ọ̀dà fa ìlà tínrín kan láti orí bóòtì kọjá sára ìjókòó, kí ẹ lè tètè rí i bí ó bá yí. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọwọ́ fa ọ̀pá ìkìbọn sẹ́yìn jẹ́jẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò gbọ́dọ̀ ha mọ́ ìjókòó níbikíbi.

Ní pápá, ẹ yin ọta 5 sí mítà 100, ẹ jẹ́ kí ọ̀pá tutù, ẹ tún yin 5. Lẹ́yìn èyí, ẹ yìn ín títí ọ̀pá yóò fi gbóná, ẹ sì wo bóyá ọta ń ṣí kúrò, nítorí irin gbígbóná a máa wú, ìjókòó tó wà lórí ọ̀pá sì máa ń gba ooru náà. Bí ó bá jẹ́ ìjókòó tí a lè yọ, ẹ yọ ọ́, ẹ dá a padà, ẹ tún yin ọta 5, kí ẹ wá fi ìwọ̀n wọn bí àárín ìkójọ ihò ọta tuntun yìí ṣe jìnnà tó sí ti èyí tí ẹ yìn kí ẹ tó yọ ìjókòó. Bí ó bá ju sẹ̀ǹtímítà 3 lọ lẹ́ẹ̀mejì léraléra, ẹ dá ìjókòó náà padà fún ẹni tó tà á kí àkókò ìdápadà tó tán.