Bí A Ṣe Lè Fi Àwòṣe Ilé Orí Kọ̀ǹpútà Gba Ìwé-Ẹ̀rí EDGE ní Àbújá

Ẹ̀yin ayàwòrán-ilé àti kọngílá, bí ẹni tó gbé iṣẹ́ fún yín bá ti lóun fẹ́ ìwé-ẹ̀rí EDGE, èyí tó ń fi hàn pé ilé kì í fi iná àti omi ṣòfò, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹ̀rí sínú àwòṣe ilé, kí ẹ má dúró dìgbà tí àwòrán bá parí. Àjọ IFC, tó jẹ́ ara Báǹkì Àgbáyé, ló ni ètò náà. Wọ́n ń béèrè pé kí ilé fi ìdá 20 nínú 100, ó kéré tán, dín iná tó ń jẹ kù sí ti irú rẹ̀ tí wọ́n ń kọ́ ládùúgbò, bákan náà ni omi àti èéfín kábọ́ọ̀nù tó ti ara ṣíṣe ohun ìkọ́lé wá. Ọ̀kan kò lè dí àléébù èkejì.

Nínú Revit tàbí ArchiCAD, ìyẹn sọ́fítíwíà tí a fi ń ṣe àwòṣe ilé, ẹ kọ́kọ́ rí i pé àríwá orí kọ̀ǹpútà bá ti ìwé sọ́fè mu. Mo tẹnu mọ́ èyí, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń fi ẹsẹ̀ kọ. Àbújá wà ní nǹkan bí ìwọ̀n 9 sí àríwá ìlà agbedeméjì ayé, nítorí náà, láti àárín oṣù kẹrin títí di ìparí oṣù kẹjọ, apá àríwá ni oòrùn ọ̀sán ń gbà kọjá, kó tó padà sí gúúsù. Ẹni tó bá tẹ̀lé ìmọ̀ràn tí wọ́n kọ fún ilẹ̀ Yúróòpù yóò fi fèrèsé àríwá sílẹ̀ láìsí ìbòòji. Ìwọ̀-oòrùn ló tilẹ̀ le jù, torí oòrùn ìrọ̀lẹ́ a máa wọlé lábẹ́ etí òrùlé. Ẹ dín fèrèsé ibẹ̀ kù, tàbí kí ẹ fi ìdènà olóòró sí i.

Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí àwòṣe ṣírò ìdá tí fèrèsé kó nínú ògiri. Bí ògiri ìta bá jẹ́ mítà onígun mẹ́rin 30, tí fèrèsé rẹ̀ jẹ́ 12, ìdá 40 nínú 100 nìyẹn. Bí ẹ bá sọ ọ́ di 7.5, ó di ìdá 25. Òǹkà yìí lẹ ó gbé sínú sọ́fítíwíà EDGE, tó wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Nínú àwòṣe, ẹ má lo ògiri tó bá Revit tàbí ArchiCAD wá. Ẹ ṣe ti búlọ́ọ̀kù oníhò 9 ínǹṣì tí à ń lò níbí, pẹ̀lú sìmẹ́ǹtì tí a fi rẹ́ ẹ. Páànù funfun ń dá ooru padà ju èyí tó dúdú lọ, ṣùgbọ́n eruku ọyẹ́ a máa bò ó, ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kí ohun tó ń dènà ooru wà lórí síìlì pẹ̀lú. Ti omi kò le: ẹ kọ ìwọ̀n omi tí ẹnu ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ń tú jáde ní ìṣẹ́jú kan.

Ìwé-ẹ̀rí àkọ́kọ́ ń jáde lórí àwòrán, àmọ́ ti ìkẹyìn di ìgbà tí ilé bá parí, tí olùyẹ̀wò sì ti yẹ̀ ẹ́ wò. Nítorí náà, kí wọ́n tó kan síìlì pa, ẹ ya fọ́tò ohun tó ń dènà ooru náà pẹ̀lú téèpù ìwọ̀n lára rẹ̀, kí ẹ sì so fọ́tò àti rísíìtì mọ́ òrùlé inú àwòṣe. Bí gíláàsì tí ẹ kọ sílẹ̀ kò bá sí ní ọjà Dei-Dei, tí kọngílá fẹ́ ra òmíràn, ẹ fi tuntun náà sínú àwòṣe, kí ẹ sì tún un ṣírò kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín.