Bí A Ṣe Ń Fi Ìyẹ̀fun Pákó Ṣe Búlọ́ọ̀kù

Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn tó ń gba orí afárá Third Mainland l'Ékòó fi ń rí èéfín tó ń rú láti Òkò Bàbá, ní Ẹbúté Mẹ́ta, níbi tí wọ́n ti máa ń la gẹdú tẹ́lẹ̀, tí wọ́n sì máa ń dáná sun ìyẹ̀fun rẹ̀. Ó dùn mí pé ńṣe ni wọ́n ń dáná sun ún, nítorí a lè fi ṣe búlọ́ọ̀kù fún ògiri tó ń pín yàrá.

Ẹ kó ìyẹ̀fun igi tí a kò fi oògùn kòkòrò pa, tí epo ẹ̀rọ kò sì kán sí. Ẹ fi aṣọ bo imú, kí ẹ sì fi ajọ̀ yọ èèpo àti ẹ̀ẹ́rún igi kúrò.

Fífọ̀ ọ́ ló ṣòro jù, òun sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fò. Oje àti ṣúgà tó wà nínú igi kì í jẹ́ kí sìmẹ́ńtì tètè dì, nígbà mìíràn kì í tilẹ̀ dì rárá. Ẹ sè é nínú dúrọ́ọ̀mù fún nǹkan bíi wákàtí kan. Omi àkọ́kọ́ yóò pọ́n bí àgbo. Ẹ dà á nù, kí ẹ sì máa fi omi mìíràn ṣan ìyẹ̀fun náà títí omi yóò fi mọ́. Ẹ po ẹ̀kúnwọ́ kan mọ́ sìmẹ́ńtì, kí ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì: bí èékánná bá ṣì ń wọ inú rẹ̀, ẹ tún un fọ̀.

Ìwọ̀n tó dára láti fi bẹ̀rẹ̀ ni páànù sìmẹ́ńtì 1, iyanrìn 1 àti ìyẹ̀fun 2. Kí ìyẹ̀fun náà ṣì tutù díẹ̀, torí èyí tó gbẹ tán yóò fa omi tí sìmẹ́ńtì nílò mu. Ẹ po sìmẹ́ńtì àti iyanrìn pọ̀ ní gbígbẹ, ẹ da ìyẹ̀fun sí i, kí ẹ wá máa bu omi sí i díẹ̀díẹ̀, títí yóò fi dúró gbọnyin nígbà tí ẹ bá fún un lọ́wọ́, láìjẹ́ pé omi ń kán.

Ẹ kó o sínú mọ́ọ̀dì, ẹ gún un dáadáa, kí ẹ sì tú u sí abẹ́ ibòji. Ẹ fi ọ̀rá bò ó, ẹ máa wọ́n omi sí i fún ọjọ́ 7, kí ẹ má sì fi kọ́lé kí ọjọ́ 28 tó pé.

Búlọ́ọ̀kù yìí fúyẹ́ ju ti iyanrìn lọ, ooru kì í sì í tètè gbà á kọjá. Ṣùgbọ́n ó máa ń fa omi, kò sì lágbára tó láti gbé dẹ́kìn. Ohunkóhun tí bíríkìlà bá wí, ẹ má ṣe lò ó fún ìpìlẹ̀ tàbí ilé ìwẹ̀, kí ẹ sì fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ lójú méjèèjì.