Ọmọbìnrin tí kò sunkún: ẹ má tíì pè é ní ọ̀dájú

Wọ́n mú ọmọbìnrin ọdún 15 dé ọ́fíìsì wẹ́fíà ní Ṣàgámù. Ẹjọ́ rẹ̀ ni pé ó fi ìgò ya ìyá tó ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ lójú. Àwọn tó tẹ̀ lé e wá kò ní jẹ́ kí ẹ jókòó dáadáa kí wọ́n tó wí pé: "Ẹ wò ó, ẹ̀kán omijé kan ò bọ́ lójú ẹ̀. Ọ̀dájú ni." Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, mo bẹ̀ yín, ẹ má kọ ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀.

Ọmọ tí wọ́n ti ń lù láti kékeré, tàbí tí àgbàlagbà kan nínú ilé ń fipá bá lò pọ̀, a máa kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbé ọkàn kúrò níbi tí ara wà. Ojú rẹ̀ á gbẹ, ohùn rẹ̀ á lọ sílẹ̀, kò ní bẹ̀bẹ̀. Ó jọ ẹni tí kò láàánú, bẹ́ẹ̀ ìpayà ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Ẹ bi í ní òun nìkan, kí ẹni tó mú un wá jáde. Ṣé ó ń sùn lóru? Ṣé ó máa ń ta gìrì bí ilẹ̀kùn bá dún? Ta ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń ká a lára? Bí ó bá béèrè lọ́wọ́ yín pé ta ló ń fún àbúrò òun lóúnjẹ báyìí, ìyẹn wúwo ju omijé lọ. Bí ó bá sì ń wolẹ̀ nígbà tí ẹ ń bá a sọ̀rọ̀, ẹ rántí bí wọ́n ṣe tọ́ ẹ̀yin náà: ọmọ tó tẹjú mọ́ àgbà là ń bá wí.

Ti fọ́ọ̀mù ló tún ń bí mi nínú. PCL:YV, ìyẹn fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń wá àmì ìwà ọ̀dájú (psychopathy) lára àwọn ọ̀dọ́, tí Forth, Kosson àti Hare gbé jáde ní 2003, ní ìbéèrè 20, wọ́n ń fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní òdo, 1 tàbí 2, àpapọ̀ rẹ̀ kò ju 40 lọ. Ọmọ ọdún 12 sí 18 ni wọ́n ṣe é fún, ẹni tó bá kọ́ ọ ló sì yẹ kó lò ó, pẹ̀lú ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò àti àkọsílẹ̀ tó ti wà nílẹ̀. Inú ìwé àyẹ̀wò àwọn àgbà ọkùnrin ẹlẹ́wọ̀n ni wọ́n ti fà á yọ. Àwọn tó ṣe é kò fi iye kankan lélẹ̀ tí a fi lè sọ pé "ó dé ibẹ̀, ó ti di báyìí." Nínú ìwádìí tí Odgers, Reppucci àti Moretti ṣe lórí àwọn ọmọbìnrin tó wà ní àtìmọ́lé, tó jáde ní 2005, ìyà tí wọ́n ti fi jẹ àwọn ọmọ náà ló tọ́ka sí ẹni tó máa tún ṣẹ̀, máàkì PCL:YV kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè kan sì wà níbẹ̀ lórí ìbálòpọ̀ tí kò ní ìfẹ́ nínú. Bí àwọn ọkùnrin ibùdókọ̀ tírélà ní Ògèrè bá ti ń rẹ́ ọmọ kan jẹ, ṣé ọmọ náà la fẹ́ gba máàkì lé lórí?

Lórí ìwà ipá, ẹ má ka ẹ̀ṣẹ́ nìkan. Àwọn olùwádìí Crick àti Grotpeter ti kọ ọ́ ní 1995 pé àwọn ọmọbìnrin a máa fi ìyọnisẹ́gbẹ̀ẹ́ àti ìbanilórúkọjẹ́ ṣe ara wọn léṣe. Lóde òní, orí WhatsApp ló ń gbà. Ẹ sì ya èyí tó gbaná jẹ lójijì sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó jókòó pète. Ìgò ọjọ́ yẹn, kí ló ṣẹlẹ̀ ní ìṣẹ́jú márùn-ún ṣáájú rẹ̀?

Ọjọ́ kan kò tó. DSM-5, ìwé tí àwọn oníṣègùn ọpọlọ Amẹ́ríkà fi ń dá àìsàn ọpọlọ mọ̀, tó jáde ní 2013, ní kí àìláàánú hàn fún oṣù 12 ó kéré tán kí a tó kà á sí ọmọ lọ́rùn, lọ́dọ̀ ènìyàn tó ju ẹyọ kan lọ, níbi tó ju ọ̀kan lọ. Ìwé kan náà kò sì gbà kí a sọ pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 ní àìsàn ìwà ọ̀tá àwùjọ (antisocial personality disorder). Nítorí náà, ẹ lọ bá tíṣà rẹ̀, ẹ bá ìyá ìyá rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Igbó sọ̀rọ̀ ní èdè abúlé wọn, kí èdè òyìnbó má dí yín lọ́wọ́.

Bí àníyàn bá ṣì wà, ilé ìwòsàn ọpọlọ Àrò ní Abẹ́òkúta kò jìnnà. Ohun tí ẹ rí àti ohun tí ẹ gbọ́ ni kí ẹ kọ ránṣẹ́ sí wọn, kí orúkọ àbúrò tó ń béèrè yẹn sì wà nínú rẹ̀.